Ọjọ́ tí Ọdẹ́jìmí Bá Ìlú Tálójùlọ Jiyàn Lórí Ọmọ Rẹ̀

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ wá ibì kan fi ìdí lé. Láti ìgbà tí eré tí ẹ ń wò nínú tẹlifíṣàn ti parí ni mo ti ń gbọ́ igbe yín láti àgbàlá mi. Ẹnì kan ní ọ̀gbẹ́ni gíga yẹn ni kó gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó níye lórí jùlọ lọ́dún yìí. Ẹnì kejì ní bí wọ́n bá fi lè fún un, òun kò tún ní wo bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ mọ́ láyé. Àwọn méjì tí wọ́n jọ jẹun nínú abọ́ kan láàárọ̀ sì ti ń fa ara wọn láṣọ ya, nítorí àwọn ènìyàn tí wọn kò mọ̀ bóyá wọ́n bí yín! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi Akínṣadé ni mo dìde wá yìí, èmi tí mo ti rin igbó tí inú ń run ọdẹ mìíràn bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, èmi tí ẹfọ̀n rí lókèèrè tí ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa, ó ṣe díẹ̀ kí ẹ tó tún rí ẹ̀rín rín. Àríyànjiyàn tí ẹ ń ṣe yìí, ọ̀rẹ́ mi kan ti ṣe é rí, kì í sì í ṣe níwájú tẹlifíṣàn ló ti ṣe é. Ọdẹ́jìmí ni orúkọ rẹ̀. Ọdẹ bíi tèmi ni, àfi pé bí òun bá yìnbọn, ẹran a kọ́kọ́ rò ó wò kó tó ṣubú, tèmi kì í ráyè rò ó. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọkùnrin náà kì í purọ́. Nínú ẹgbẹ́ ọdẹ wa, èmi nìkan ni wọ́n fi iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọdẹ́jìmí bí, obìnrin ni. Ọmọ náà kò tíì mọ ìrìn tí ìyá rẹ̀ fi kú. Ọdẹ́bùnmi ni wọ́n sọ ọ́, Àwẹ̀ró ni oríkì rẹ̀. Baba ló ń wẹ̀ ẹ́, baba ló ń róṣọ fún un, baba ló ń dì í lórí ní ìdìkudì títí àwọn obìnrin àdúgbò fi ṣàánú rẹ̀. Ọmọ náà sì ga. Nígbà tí ó dé ilé-ìwé, wọ́n kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n gbá ju ẹni tí ó kọ́ ọ lọ. Ọdẹ́jìmí já ìdí apẹ̀rẹ̀ kan, ó so ó mọ́ ara ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ni ọmọ náà sì ń wà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá ti ju bọ́ọ̀lù tí ó wọlé, kíá ni yóò yíjú sẹ́yìn.

"Bàámi, ṣé ẹ rí i?"

Baba á ní, "Ọwọ́ òsì rẹ kò lágbára." Tàbí kó ní, "O kì í wo iwájú kí o tó sáré." Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe pé kò rí i o. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ní ilé wọn, wọ́n gbà pé ọmọ tí a bá yìn lójú ara rẹ̀, ayé á gbọ́, ayé kì í sì í gbọ́ ohun rere kó má na ọwọ́ sí i. Ọmọ kan ṣoṣo, aláìníyàá, ṣé òun ni wọn yóò fi han ayé? Nítorí náà, oríkì tí ó yẹ kí òbí fi máa jí ọmọ láàárọ̀, inú igbó ni Ọdẹ́jìmí ti máa ń kì í, níbi tí kò sí ẹni tí yóò gbọ́. Igi ìrókò mọ oríkì ọmọ náà, àràbà mọ̀ ọ́n, èkúté ilé kò gbọ́ ọ rí. Mo bá a wí títí. Mo ní, "Ọdẹ́jìmí, yinni yinni kẹ́ni ó ṣèmíì." Ó ní kí n lọ bí ọmọ tèmi kí n máa yìn ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Ọdẹ́bùnmi, ó yí wọ inú Igbó Olóhùn tó wà lẹ́yìn oko wọn. Ọmọ náà tẹ̀lé e, kò sì padà wá. Gbogbo ìlú tú jáde, a wá a kiri, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ìdí àràbà kan, ó sì tán síbẹ̀. Àwọn àgbà ní kí Ọdẹ́jìmí gba kádàrá, kí ó jókòó kí a wá bá a dárò. Ó wò wá títí. Ó ní, "Ẹ kò rí òkú, ẹ ní kí n máa sunkún òkú?" Ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ki orí bọ igbó.

Bí ó ti wọ igbó náà, ohun tí ó kọ́kọ́ pàdé ni etí kan. Etí, mo ní etí! Ó tóbi tó ilé oníyàrá mẹ́rin, ó sùn dí ọ̀nà, kò ní ojú, kò ní ẹnu, kò ní ẹsẹ̀, ihò rẹ̀ ni ohùn sì ti ń jáde. Ìhàlẹ̀ ènìyàn ni oúnjẹ rẹ̀.

"Ọmọ ènìyàn," ni etí náà wí, "ebi ń pa mí. Fún mi ní ìhàlẹ̀ kí n yà fún ọ."

Ọdẹ́jìmí ní, "Mo ti pa erin rí."

Etí yán. "Gbogbo ọdẹ tó gba ibí kọjá ló pa erin. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, erin ì bá ti tán láyé kí wọ́n tó bí ọ."

Ọdẹ́jìmí ní òun ti fi ọwọ́ mú ẹkùn nírù. Etí ní ẹkùn wo, ẹkùn tí ó ń sùn ni àbí èyí tí ó ti kú? Òógùn bo ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo bí Ẹlẹ́dàá ṣe ń pín nǹkan! Ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀, etí yẹn ì bá yó, ì bá bì, ì bá tún bẹ̀ mí kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìhàlẹ̀ ni wọ́n bi ní ìbéèrè ìhàlẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, Ọdẹ́jìmí ní, "Mo ní ọmọ kan..." Ó sì pa ẹnu dé.

Gbogbo ara etí náà gbọ̀n. "Parí rẹ̀."

"N kò ní parí rẹ̀."

"Ohun tí o gbé mì yẹn, òórùn rẹ̀ nìkan ti yó mi. Kọjá. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: ohun tí o fi pamọ́ fún mi níhìn-ín, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ níwájú, ìwọ fúnra rẹ ni yóò sì nà án sí wọn." Etí ká ara rẹ̀ jọ, ọ̀nà sì là.

Ó rìn títí, ó kan odò kan tí kò ní afárá, òkúta ni ènìyàn ń tẹ̀ sọdá. Òkúta kọ̀ọ̀kan tí ó bá tẹ̀ ni yóò ké ní ohùn ẹni tí àárò rẹ̀ ń sọ ọ́. Ó tẹ ọ̀kan, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ní, "Baálé mi, ṣé ẹ ti jẹun?" Ó tẹ òmíràn, ohùn ọmọ rẹ̀ ní, "Bàámi, ṣé ẹ rí i?" Ẹni tó bá sì dáhùn, ibẹ̀ ni yóò dúró sí títí láé. Ó rí àwọn tí wọ́n dáhùn, wọ́n dúró láàárín omi, ewédò ti hù lé wọn lórí, ojú wọn sì ń rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́jìmí sọ fún mi pé kò sí ẹkùn tí ó le tó odò yẹn. Ó ní ìgbà tí òun máa dé òdìkejì, omijé òun ti pọ̀ débi pé òun kò mọ èwo ni odò mọ́. Ó jókòó létí omi, ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lára òkúta tí ó kẹ́yìn, kò sì fẹ́ dìde.

Nígbà tí ó dìde, ariwo ló tẹ̀lé, ariwo náà sì mú un dé ẹnu ibodè Ìlú Tálójùlọ.

Àwọn iwin ló ni ìlú náà. Inú igi ni wọ́n ti jáde, wọn kò ní baba, wọn kò ní ìyá, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n sì mọ̀ ni kí wọ́n wo bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kí wọ́n sì jiyàn lé e lórí. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni Olórí-méjì. Ara kan ni, orí méjì, orí kọ̀ọ̀kan sì ní agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀. Bí orí ọ̀tún bá ń jẹun, orí òsì á ti ọ̀nà ọ̀fun pa. Ikùn tí wọ́n jọ ni ni ìyà ń jẹ.

Orí òsì ń pariwo pé, "Gàgàrà ni! Ta ló jù sápẹ̀rẹ̀ tó o? Bí ó bá ti na ọwọ́, inú apẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ náà wà. Kí ni ẹ tún ń wá lọ sí Sókótó?"

Orí ọ̀tún ní, "Gígùn ń ṣiṣẹ́ ni? Bí wọ́n bá fi ọ̀pẹ sórí pápá, ṣé ẹ óò dé e ládé? Àjòjì ló ni adé! Ikọ̀ tí ó wọ̀, àwọn ló ń kẹ́yìn gbogbo ikọ̀ kí ó tó dé. Lónìí ta ló wà níwájú wọn? Ẹ má ka èyí tí ó jù nìkan, ẹ ka èyí tí ó jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jù!"

Orí òsì ní, "Igi kan kì í dá igbó ṣe. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ kí igi kan gba adé igbó?"

Iwin kan tó ń kọjá lọ dá sí i, ó ní, "Ọlọ́wọ́-mẹ́rin tí òun náà wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn!" ni orí méjèèjì wí pa pọ̀, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mẹ́rin, bọ́ọ̀lù sì tún ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì eré ọdún náà ni kò sì gbá nítorí pé àwọn ọwọ́ náà ń bá ara wọn jà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí orí méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé nìyẹn.

Ọdẹ́jìmí dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun ń wá ọmọbìnrin kan, ọmọ ènìyàn, gíga, tí ó máa ń yíjú sẹ́yìn bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ti wọlé.

Orí ọ̀tún ní, "Àjòjì nìyẹn! Gbogbo ìgbà ló ń yíjú sẹ́yìn. A kò mọ ẹni tí ó ń wò."

Ọ̀rẹ́ mi bi wọ́n bí ọmọ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn, ó rò pé wọn yóò ní àwọn jí i gbé ni. Orí ọ̀tún ní, "Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló tẹ̀lé dé ibi. A ní kó gbá a fún wa wò, ó gbá a, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ìgbà náà kò bèèrè ọ̀nà ilé mọ́."

"Mo fẹ́ mú un lọ," ni Ọdẹ́jìmí wí.

Orí òsì ló là á yé e. Ọ̀la ni ìlú yóò jiyàn àjàkẹ́yìn lórí ẹni tó níye lórí jùlọ. Ẹni tí wọ́n bá dé ládé di ti ìlú títí ayé, nítorí kò sí ìlú tó ń kó ohun iyebíye rẹ̀ fún àlejò gbé lọ. Ẹni tí wọn kò bá dé ládé, bí ará ilé rẹ̀ bá wá, ó lè bá a lọ láìsí ìjà. Gbogbo ìlú ló mọ òfin yìí, àwọn agbábọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Orí òsì wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ ọmọ ènìyàn, ohun tí èmi fẹ́ ni ìwọ náà fẹ́. O mọ àléébù ọmọ náà láti kékeré. Wá bá mi sọ ọ́ níwájú ìlú, kí Gàgàrà gba adé, kí ìwọ gba ọmọ rẹ."

Ọdẹ́jìmí gbà. Ta ni kò ní gbà? Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn, nítorí pé nínú gbogbo iṣẹ́ ayé, iṣẹ́ kan tí kò ní láti kọ́ nìyẹn. Ó ti ń sọ àléébù ọmọ náà láti ìgbà tí ọmọ náà ti mọ bọ́ọ̀lù dì mú.

Nígbà tí oòrùn gòkè ní ọjọ́ kejì, gbogbo ìlú péjọ sí pápá. Àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta jókòó lórí àpótí níwájú, Gàgàrà, Ọlọ́wọ́-mẹ́rin, àti ọmọ tí wọ́n ń pè ní Àjòjì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan bu omi sẹ́nu, nítorí òfin wọn ni pé ẹni tí a ń jiyàn lé lórí kò gbọdọ̀ gbèjà ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gbé omi náà mì tàbí kó tu ú dànù títí wọn yóò fi dájọ́. Iyàn wọn kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ẹni tó bá fẹ́ràn agbábọ́ọ̀lù kan yóò lọ tò sí ẹ̀yìn rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sì yí i lọ́kàn padà, yóò jáde lọ tò sí ẹ̀yìn ẹlòmíràn. Ẹ̀yìn ẹni tí èrò bá pọ̀ sí jù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán, òun ni adé.

Ọdẹ́jìmí rí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì rí i. Ọdẹ́bùnmi fẹ́ dìde, àwọn iwin dá a jókòó padà. Kò lè sọ̀rọ̀, omi wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń sọ ọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìlà ti gùn jù lọ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó gùn dé ẹ̀yìn ilé àwọn iwin.

Baba gun òkìtì tí wọ́n ń dúró lé sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lágbára."

Àwọn iwin díẹ̀ jáde kúrò lẹ́yìn ọmọ náà.

"Kì í wo iwájú kí ó tó sáré."

Àwọn mìíràn jáde.

"Bí ó bá ju ọ̀kan tí kò wọlé, ojú rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ara rẹ̀ kò gba àbùkù."

Iwin àgbàlagbà kan ké láti ẹ̀yìn, "Ìwọ ọkùnrin yìí, kí lo mọ̀ nípa rẹ̀? Kí lo jẹ́ sí i?"

"Baba rẹ̀ ni mí."

Ariwo sọ. Iwin àgbàlagbà náà di orí mú. "Ha! A ti máa ń gbọ́ pé lọ́dọ̀ ọmọ ènìyàn, ìdí ọmọ ẹni kì í ṣe bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn. Bí baba tó bí i bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò tó, kí ni àwa ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀?" Ẹ wo ìrìn! Wọ́n ń dà lọ sẹ́yìn Gàgàrà bí omi òjò. Níkẹyìn, orí ọ̀tún Olórí-méjì nìkan ló kù tí ó ń pariwo Àjòjì, ẹsẹ̀ òsì sì ń wọ́ ọ lọ sí òdìkejì. Ẹni tí ó di adé mú ti gbé e dání, ó ti yíjú sí Gàgàrà. Ó kù kí Ọdẹ́jìmí pa ẹnu mọ́ fún ìwọ̀nba àkókò tí ènìyàn fi ń mí sínú, ọmọ rẹ̀ di tirẹ̀.

Ìgbà náà ló wo ojú ọmọ náà.

Ọmọ náà kò wò ó mọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń wò, ọwọ́ tí ó wà lórí itan rẹ̀. Ó wò ó títí, lẹ́yìn náà ó rọra gbé e, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀.

Ọdẹ́jìmí sọ fún mi pé òun mọ òfin náà dájú. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun gbàgbé. Ó ní bí òun ṣe ń la ẹnu ni òun ti ń rí ilé òun, ibùsùn ọmọ náà lófìfo, ìkòkò tí òun nìkan yóò máa dáná sí. Ó la ẹnu náà síbẹ̀.

"Àwẹ̀ró!

Àwẹ̀ró, ọmọ Ọdẹ́jìmí,
ọmọ arìnnígbó má já ewé,
ọmọ ọlọ́fà tí kì í ta á nù.
Mo wẹ̀ ọ́ lómi tútù, mo wẹ̀ ọ́ lómi gbígbóná,
mo ró aṣọ fún ọ nígbà tí kò sí ìyá nílé.
Àwẹ̀ró, òpó tí mo fẹ̀yìn tì,
ọwọ́ òsì tí mo ní kò lágbára,
òun ló di orí mi mú lọ́jọ́ tí ibà dá mi dùbúlẹ̀.
O jù ú, ó wọlé,
o tún jù ú, ó tún wọlé,
mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò rí i.
Mo rí i, Àwẹ̀ró.
Kò sí ọ̀kan tí n kò rí."

Ẹ rántí pé inú igi ni àwọn iwin ti jáde, kò sí ẹni tó ki iwin kankan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. Oríkì tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n gbọ́, orí wọn sì wú síbẹ̀. Oje igi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú wọn. Ọ̀kan jáde lẹ́yìn Gàgàrà, òmíràn tẹ̀lé e, kò pẹ́ kò jìnnà, Gàgàrà fúnra rẹ̀ dìde lórí àpótí rẹ̀, ó lọ tò sí ẹ̀yìn ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Orí òsì Olórí-méjì ní, "Bọ́mọ ẹni bá dára ká wí. Ẹ jẹ́ ká lọ." Ẹsẹ̀ méjèèjì sì lọ síbì kan náà. Wọ́n gbé adé lé Ọdẹ́bùnmi lórí.

Ọmọ náà gbé omi ẹnu rẹ̀ mì. Wọ́n fún òun àti baba rẹ̀ ní àyè díẹ̀ láti dágbére, àwọn iwin sì yípo wọn ká, wọ́n ń dúró.

"Bàámi, ṣé ẹ mọ òfin wọn kí ẹ tó kì mí?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Èmi náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹ ń bú mi, mo sọ fún ara mi pé ẹ fẹ́ mú mi lọ sílé ni. Ṣùgbọ́n Bàámi, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń sọ nílé náà ni ẹ̀ ń sọ. N kò mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́ mọ́."

"Ayé ni mo ń bẹ̀rù, Ọdẹ́bùnmi. Mo ń fi ọ́ pamọ́ fún wọn."

"Ẹ fi mí pamọ́ títí èmi náà kò fi rí ara mi."

Ọdẹ́jìmí fi ọwọ́ rẹ̀ nu oje igi tí ó ta sí ọmọ náà léjìká, bí ó ṣe máa ń nù ún lára nígbà tí ó wà ní kékeré.

"Bàámi, inú mi ń dùn, ọkàn mi sì ń fà sílé. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

"Ẹ tún pè mí."

"Àwẹ̀ró."

"Òo."

Wọ́n sì gbé e sórí ọrùn lọ, wọ́n ń kọrin, baba sì ń wo adé náà títí kò fi rí i mọ́.

Bí ó ṣe padà dé, kò lè sọ. Ó ní òun kàn bá ara òun lẹ́nu ọ̀nà oko wa ní ọ̀sán gangan ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo sáré lọ bá a, gbogbo ìlú sáré tẹ̀lé mi.

"Ọdẹ́jìmí, ṣé o rí i?"

"Mo rí i."

"Ṣé ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè. Nínú gbogbo wọn, òun ni wọ́n ní ó níye lórí jùlọ. Òun ló gba adé."

Ẹ ò bá gbọ́ igbe ayọ̀! Àwọn obìnrin tú ìró wọn tún un ró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ń pariwo orúkọ rẹ̀ kiri ìgboro. Gbogbo ẹni tí ó dé ọ̀dọ̀ Ọdẹ́jìmí, tọmọdé tàgbà, ló ń dì mọ́ ọn: "Ẹ kú oríire o, Bàbá Ọdẹ́bùnmi! Ẹ kú oríire ọmọ!" Ó sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, "A dúpẹ́ o. A dúpẹ́." Kò fo ẹnì kan.

Nígbà tí èrò túká, èmi àti òun nìkan ló kù níwájú ilé. Ibi tí ó bá mi sọ ọ́ dé ni mo fẹ́ bá yín sọ ọ́ dé yìí, kí ẹ sì máa gbé e lọ sílé bí ó ti wúwo tó. Mo bi í pé, "Ọdẹ́jìmí, sọ fún mi tòótọ́. Ká ní o tún máa dúró lórí òkìtì yẹn, kí lo máa ṣe?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà igbó. Ó ní, "Akínṣadé, òun ló tọ́ sí. Kò sí ẹni tó lè bá mi jiyàn ìyẹn, òun ló tọ́ sí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó wá sílé."